Kí Ni Ká Fi Ṣe Béèsì Nínú Ilé? Ìfiwéra fún Àwọn Tó Ń Ṣe Orin Kọ̀ǹpútà ní Abuja àti Òkè Ọya

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe orin nínú yàrá wọn ní Kubwa, ní Lugbe, ní Nyanya àti ní Sabon Gari Kaduna máa ń bi ara wọn jù ni pé kí ni ó yẹ kí àwọn fi ṣe béèsì: ṣé kí àwọn wá sample 808 (ohùn ìlù Roland TR-808 tí wọ́n ti gbà sínú fáìlì) tó ti ṣe tán ni, ṣé kí àwọn kọ́ bí a ti ń lo synth inú kọ̀ǹpútà (ètò tó ń dá ohùn fúnra rẹ̀) ni, àbí kí àwọn ra ẹ̀rọ kékeré tí àwọn lè máa fọwọ́ yí bọ́tìnnì rẹ̀? Wọ́n sábà máa ń dá wọn lóhùn pé èyí tó bá ti wù wọ́n ni kí wọ́n mú, ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò ran ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí iná rẹ̀ kì í dúró, tí aládùúgbò rẹ̀ sì ń sùn ní ẹ̀yìn ògiri lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé kí ènìyàn tó yan ohun tí yóò fi ṣe béèsì, ó yẹ kó ti mọ ohun tí yóò fi gbọ́ ọ, nítorí pé béèsì tí etí kò gbọ́ dáadáa kò ṣe é tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí ìfiwéra yìí yóò fi ti ọ̀dọ̀ etí bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kan ẹ̀rọ.

Ohun tí fóònù ń pa jẹ

Ìró tí etí ènìyàn ń gbọ́ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 20 Hz (ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), ó sì ń lọ sókè dé nǹkan bí 20,000 Hz fún ọ̀dọ́ tí etí rẹ̀ ṣì mú. Béèsì orin kọ̀ǹpútà sábà máa ń fìdí kalẹ̀ láàárín 30 Hz sí 250 Hz. Okùn E tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, okùn A tó tẹ̀lé e sì ń gbọ̀n ní ìgbà 55. Sípíkà fóònù kéré débi pé agbára káká ni ó fi ń gbé ohun tó wà lábẹ́ 200 Hz jáde, bẹ́ẹ̀ fóònù yìí kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olólùfẹ́ orin wa fi ń gbọ́ ọ.

Báwo wá ni béèsì ṣe ń dé etí wọn? Nóòtì kan kì í dá rìn. Bí A bá ń dún ní 55 Hz, àwọn ìró mìíràn tí a ń pè ní harmonics máa ń bá a jáde ní 110 Hz, 165 Hz, 220 Hz àti 275 Hz, títí lọ sókè. Bí fóònù bá pa 55 Hz àti 110 Hz jẹ, ọpọlọ ẹni tó ń gbọ́ orin á wo bí àwọn tó kù ṣe tò, á sì fúnra rẹ̀ dá nóòtì tó sọnù padà sípò. Ṣùgbọ́n bí béèsì náà bá jẹ́ ìgbì sine lásán, tí kò ní harmonics kankan, kò sí ohun tí ọpọlọ lè dì mú, béèsì á pòórá pátápátá. Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ nìyí fún gbogbo ohun tí a fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ǹjẹ́ ohun èlò náà ń fún wa ní harmonics, ǹjẹ́ ó sì ń jẹ́ ká darí wọn bó ti wù wá?

Hẹ́dífóònù tàbí sípíkà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí kò bá tíì ní sípíkà méjì lórí tábìlì kò tíì di aṣorin. N kò gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká wo yàrá tí àwọn bíríkìlà wa máa ń kọ́, èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú àti ẹsẹ̀ bàtà 12 ní òòró. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.66 láti ògiri dé ògiri. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìdajì ìgbì ìró tó jẹ́ 47 Hz bá gígùn yàrá yẹn mu wẹ́kú. Bí sípíkà bá gbé F-sharp ìsàlẹ̀ jáde, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 46 Hz, ohùn náà á máa rọ́ gbì ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní àárín yàrá. Níwọ̀n ìgbà tí ìbú àti òòró sì ti dọ́gba, ìlọ́po méjì ni àléébù náà. Ẹni tó gbé àga rẹ̀ sí àárín á rò pé béèsì òun kò tó, á fi kún un, á tún fi kún un. Nígbà tí orin náà bá dé inú ọkọ̀ tàbí gbọ̀ngàn ìnáwó, àwọn ènìyàn á máa di etí. Bí ẹ̀gbẹ́ kan yàrá bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, wàhálà náà á kàn ṣí lọ sí nǹkan bí 56 Hz, èyí tó jókòó lé A lórí.

Sípíkà fúnra rẹ̀ tún ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Yamaha HS5, tí ojú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 5, bẹ̀rẹ̀ láti 54 Hz gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣe é ṣe kọ ọ́. HS8 tó tóbi jù ú lọ bẹ̀rẹ̀ láti 38 Hz. Èyí já sí pé HS5 kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìsàlẹ̀ 808 tó wà ní E bó ṣe rí gan-an, HS8 á sì gbé e jáde fún yàrá tí kò gbà á. Fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò ràn án, nítorí pé ohùn òkè nìkan ni irú fóòmù bẹ́ẹ̀ ń gbà mọ́ra. Kí ẹni tó bá ti ra sípíkà tán má ṣe jókòó sí àárín yàrá gẹ́lẹ́, kí ó sì gbé mátírẹ́ẹ̀sì tó nípọn dúró sí kọ̀rọ̀. Ìyẹn sàn ju fóòmù lọ.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò tún wà ńbẹ̀. Ìgbì 50 Hz gùn tó nǹkan bíi mítà 7, ògiri búlọ́ọ̀kù íńṣì 6 kò sì lè dá a dúró bó ṣe ń dá ohùn tín-ín-rín dúró. Nínú ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá ní Mararaba, ẹni tó bá ń fi sípíkà gbọ́ 808 ní agogo mọ́kànlá òru kò ní pẹ́ gbọ́ kíkànkùn, ẹni tó wá kan ilẹ̀kùn náà kò sì ní torí àtiyin orin wá.

Hẹ́dífóònù tó bo etí pátápátá, irú Audio-Technica ATH-M40x, Sony MDR-7506 tàbí Beyerdynamic DT 770 Pro, kò bá ògiri àti aládùúgbò da nǹkan kan pọ̀. Ó ń dé ìsàlẹ̀ tí sípíkà kékeré kì í dé, iná tó ń lò kò sì tó nǹkan. Àléébù rẹ̀ ni pé àyà ènìyàn kì í gbọ̀n bí béèsì bá wọlé, nítorí náà ó rọrùn láti fi kún un ju bó ṣe yẹ lọ. Hẹ́dífóònù ìgbádùn tí wọ́n kọ "extra bass" sí lára ń tan aṣorin jẹ, nítorí pé ó ti fi béèsì tirẹ̀ kún ti orin kí orin tó dé etí. Èyí tó ń lo Bluetooth náà kò dára fún iṣẹ́ yìí: ohùn rẹ̀ ń pẹ́ dé débi pé nóòtì tí ẹ tẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn ọwọ́ yín ni ẹ ó ti máa gbọ́ ọ. Hẹ́dífóònù oníwáyà ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti sípíkà lè dúró di ọjọ́ tí yàrá bá gbà.

Sample 808: ọ̀nà tó yá jù

Roland TR-808, ẹ̀rọ ìlù kan, jáde ní Japan ní ọdún 1980, wọ́n sì dẹ́kun ṣíṣe rẹ̀ ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n kick rẹ̀ (ìlù ìsàlẹ̀ rẹ̀), tí ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó kú, ni àwọn aṣorin gbà sínú fáìlì, tí wọ́n sì ń gbé sókè sódò láti fi ṣe béèsì títí di òní. Ìyára ni àǹfààní rẹ̀ tó ga jù. Ẹ ju fáìlì náà sínú sampler (ohun tó ń fi fáìlì ohùn ta nóòtì), ẹ kọ nóòtì, béèsì ti dé nìyẹn. Laptop àtijọ́ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB pàápàá kò ní mí hẹlẹ nítorí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe bíìtì fún olórin tó ti jókòó tì í, tí iná sì lè lọ nígbàkigbà, kò sí ohun tó máa tètè yọ ọ́ jù sample lọ.

Ohùn tirẹ̀ ni ó ń mú wá, kì í sì í béèrè èwo ni ẹ fẹ́. Sample tí wọ́n ti fi distortion (ìdàrú ohùn) gún tẹ́lẹ̀ kò ṣe é gbà padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó gún un. Èyí tó sì jẹ́ sine gbalasa á pòórá lórí fóònù àyàfi bí ẹ bá fúnra yín fi saturation (distortion díẹ̀) bí harmonics sí i lára. Gígùn rẹ̀ tún ń bá nóòtì yí padà: bí a bá gbé sample sókè ní octave kan (ìyẹn ni kí iye Hz rẹ̀ di ìlọ́po méjì) nínú sampler lásán, gígùn rẹ̀ á di ìdajì, bí a bá sì gbé e wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, á di ìlọ́po méjì. Béèsì tó kún lórí F lè wá gé kúkúrú lórí C tó wà lókè rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan.

Èyí tó ń ba orin jẹ́ jù ni ti nóòtì tí kò bá orin mu. Orúkọ tí wọ́n kọ sára fáìlì kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ fi tuner, ohun tó ń sọ orúkọ nóòtì, wò ó. Bí tuner bá sì ń ṣìnà nítorí pé ohùn náà ti lọ sísàlẹ̀ jù, ẹ gbé e sókè ní octave méjì kí ẹ tó wò ó, nítorí pé orúkọ nóòtì kò ní yí padà. Ìrù ohùn náà ni kí ẹ wò, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ 808 sábà máa ń já wálẹ̀ láti òkè kí ó tó dúró sójú kan. Bí tuner bá sọ pé F ni, ẹ gbé root note (nóòtì ìpìlẹ̀) inú sampler sí F. Lẹ́yìn náà, nínú FL Studio (ètò tí a fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà), ẹ tan "Cut itself" kí nóòtì tuntun lè pa èyí tó ṣáájú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, béèsì méjì á máa gùn ara wọn, ìsàlẹ̀ orin á sì rú.

Ní ti yíyọ̀ láti nóòtì kan bọ́ sí òmíràn, bí awo gángan ṣe ń fún ọṣán kí ohùn ìlù tó gòkè, sampler FL Studio mọ ọ́n ṣe dáadáa pẹ̀lú slide note. Kí ẹ sì mọ̀ pé slide note yìí kì í ṣiṣẹ́ lórí plugin VST (ètò ohùn tí a ń fi kún ètò orin) tí a gbà wá láti ìta. Portamento (yíyọ̀ nóòtì) inú plugin náà fúnra rẹ̀ ni ẹ ó lò níbẹ̀. Mo ti rí i tí ẹni kan pa plugin tó dára tì nítorí ohun kékeré yìí, tó rò pé plugin náà ti bàjẹ́.

Synth inú kọ̀ǹpútà: níbi tí iṣẹ́ gan-an wà

Bí sample bá jẹ́ ohùn tí ẹlòmíràn ti parí, synth ń fún yín ní ohun tí ẹ ó fi dá ohùn, ẹ sì lè padà sí i lọ́la láti yí ibi tó bá wù yín padà. Oríṣi mẹ́ta ló yẹ ká fi wéra, nítorí pé iṣẹ́ wọn kò jọra.

Oríṣi àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó kún fún harmonics, ó wá ń fi asẹ́ ohùn, èyí tí a ń pè ní filter, yọ èyí tí a kò fẹ́. Ìgbì saw ní gbogbo harmonics. Ìgbì square ní èyí tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 1, 3, 5 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ nìkan, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi máa ń dà bí èyí tó ní ihò nínú. 3x Osc tó wà nínú FL Studio tó fún èyí, TripleOscillator inú LMMS, ètò orin ọ̀fẹ́, náà tó o, Surge XT sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó fẹ́ èyí tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dán èyí wò: ẹ ṣí 3x Osc, kí oscillator (ibi tí ìgbì ohùn ti ń jáde) àkọ́kọ́ jẹ́ sine ní ìsàlẹ̀, kí èkejì jẹ́ saw ní octave kan lókè rẹ̀, kí ẹ dín ohùn èkejì kù títí tí yóò fi kéré sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì pa ẹ̀kẹta. Ẹ fi low-pass filter (asẹ́ tó ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ kọjá) sí nǹkan bí 300 Hz, kí envelope rẹ̀ (ohun tó ń darí bó ṣe ń yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì dé òpin) ṣí i lójijì nígbà tí nóòtì bá bẹ̀rẹ̀, kí ó sì tì í padà wéré. Sine á dúró bí ìpìlẹ̀, saw á sì sọ "wọ̀ọ́m" lórí rẹ̀. Fóònù á gbọ́ saw, ọkọ̀ á gbọ́ méjèèjì. Ẹ má ṣe gbé oscillator méjì sí ìsàlẹ̀ kan náà kí ẹ sì fi detune yà wọ́n díẹ̀, nítorí pé ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńṣe ni wọ́n á máa pa ara wọn mọ́lẹ̀ lóòrèkóòrè, béèsì á wá máa lọ, á máa bọ̀.

Oríṣi kejì ni wavetable, níbi tí ìgbì ohùn ti ń yí padà bó ṣe ń dún. Serum tó jáde ní ọdún 2014 ló sọ ọ̀nà yìí di ìlúmọ̀ọ́ká láàárín àwọn tó ń ṣe dubstep, irú orin ijó kan, owó dọ́là ni wọ́n sì ń tà á. Vital, tí Matt Tytel gbé jáde ní ọdún 2020, ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti olówó. Preset (ohùn tí wọ́n ti tò sílẹ̀) àti wavetable tó bá a wá ni kò pọ̀ tó ti olówó. Bí ẹ bá ń ṣe béèsì tó ń ké ramúramù, tó ń yí ẹnu padà nínú nóòtì kan ṣoṣo, kò sí ohun tó dára tó o nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ níbí. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Òkè Ọya, tí fáànù laptop ti ń hó bí jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, Vital mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí béèsì bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ ọ́ di fáìlì ohùn, kí ẹ sì pa plugin náà. Ní tòótọ́, fún afrobeats àti amapiano, n kò rí ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibí.

Oríṣi kẹta ni FM, òun ni mo sì rò pé àwọn ènìyàn wa kò tíì mọyì tó. John Chowning ló rí ọ̀nà yìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1967: kí ìgbì kan máa gbọn ohùn ìgbì kejì kíákíá, débi pé ohùn tuntun tó kún fún harmonics á jáde láti ara ìgbì méjì tí kò ní nǹkan kan lára. Yamaha fi ṣe DX7 ní ọdún 1983, béèsì rẹ̀ sì kún inú orin àwọn ọdún yẹn. Dexed ń fún wa ní irú DX7 lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kò sì wúwo rárá. Ohùn log drum tí àwọn ará South Africa fi gbé amapiano káyé, irú ọ̀nà yìí ló ti wá. Fruity DX10 inú FL Studio ni a mọ̀ ọ́n mọ́ jù.

Ìdí tí log drum fi ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo ye ènìyàn bí a bá wo inú rẹ̀. Ìgbì tó ń gbọn èkejì máa ń lágbára gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì, á sì kú kíá. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ ohùn náà á sọ "kó" bí igi tí a lù, pẹ̀lú harmonics rẹpẹtẹ tí fóònù lè gbé, lẹ́yìn náà ló máa kù sí sine tó jinlẹ̀ tí sípíkà ńlá ń fẹ́. Ìlù àti béèsì ti di ọ̀kan. Ẹ ṣí Dexed, ẹ lo operator (ìgbì inú FM) méjì péré, kí ẹ máa yí bí operator kejì ṣe ń yára kú: bí ó bá kú kíá, igi ni ẹ ó gbọ́, bí ó bá pẹ́, irin ni. Ẹni tó bá fi ọ̀sán kan ṣeré pẹ̀lú bọ́tìnnì yẹn nìkan á mọ̀ nípa béèsì ju ẹni tó dáńlóòdù àpò sample rẹpẹtẹ lọ.

Bí a bá gbé sample àti synth sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí orin kan ṣoṣo, sample á kọ́kọ́ borí nítorí pé ó ti dùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ á hàn nígbà tí olórin bá ní kí a gbé orin sókè díẹ̀ nítorí ohùn òun, tàbí tí kick àti béèsì bá ń jà lórí 50 Hz. Nínú synth, ẹ lè gbé octave, ẹ lè jẹ́ kí béèsì wọlé lẹ́yìn kick díẹ̀, ẹ lè fi harmonics kún un láìfọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Nínú sample, sidechain (kí kick máa rẹ béèsì sílẹ̀ nígbà tó bá dún) àti EQ (ohun tí a fi ń gé apá kan ohùn tàbí fi kún un) ló kù fún yín, EQ kò sì lè fa ohun tí kò sí nínú fáìlì jáde.

Ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ yí

Volca Bass ti Korg, tó jáde ní ọdún 2013, ní oscillator analog mẹ́ta, ó sì lè fi bátìrì AA mẹ́fà ṣiṣẹ́, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré ní ibi tí iná ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Behringer TD-3 ti ọdún 2019 tẹ̀lé àpẹẹrẹ Roland TB-303, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1981 sí 1984, tí kò tà nígbà náà, kí àwọn ọmọ Chicago tó fi ohùn rẹ̀ dá acid house, irú orin ijó kan, sílẹ̀. Ẹni tó ti fọwọ́ yí filter irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí béèsì ń lọ mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀: ọwọ́ máa ń rí ohun tí mouse kì í rí.

Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í dá dúró. Ẹ ó nílò audio interface láti gbé ohùn rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà, irú bíi Behringer UM2 tàbí Focusrite Scarlett Solo, ẹ ó sì nílò wáyà tó dára. Iná mànàmáná wa ń gbọ̀n ní 50 Hz, G ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 49 Hz. Bí ìró iná bá wọ inú wáyà yín nígbà tí ẹ ń gba béèsì orin tó wà ní G sílẹ̀, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn fà á, ohùn á máa wú, á máa rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kò sì sí EQ tó lè yọ ọ̀kan láìbá èkejì lọ. Ínfátà tí kì í ṣe pure sine wave máa ń mú kí èyí burú sí i. Ohun tó dára jù ni kí ẹ yọ ṣájà laptop, kí ẹ̀rọ náà wà lórí bátìrì, kí jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìgbohùnsílẹ̀.

Eruku ọyẹ́ tún jẹ́ ọ̀tá bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ tí a fi sílẹ̀ ní gbangba láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ní Kano tàbí Kaduna á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ohùn bí a bá ń yí i. Aṣọ mímọ́ tí a dà bò ó tó. Oscillator analog máa ń sún kúrò ní nóòtì díẹ̀ bí ooru bá yí padà, nítorí náà ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gbà á sílẹ̀. Ó sì tún wà lára ohun tó yẹ kí ẹ rò pé bí bọ́tìnnì ṣe wà lónìí lè má ṣe é rí mọ́ lọ́la, àyàfi bí ẹ bá ya fọ́tò rẹ̀. Mo fẹ́ràn irú ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ṣe ohun àkọ́kọ́ tí yóò rà.

Fóònù

FL Studio Mobile tí a ń san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tàbí BandLab tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó fún ẹni tí kò tíì ní kọ̀ǹpútà. Ibi tí ó ti kù sí ni bí a ṣe ń darí ohùn láti inú: ẹ máa rí béèsì tó dùn, ẹ kò kàn ní rí ààyè yí i padà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi hẹ́dífóònù oníwáyà sí i, kí ẹ sì lò ó láti kọ nóòtì nígbà tí ẹ bá wà nínú gosiló Nyanya.

Gìtá béèsì àti àgídìgbó

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá ní Abuja ní ọmọkùnrin tó mọ gìtá béèsì í ta, orin kọ̀ǹpútà sì máa ń rí ẹ̀mí gbà bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi ìka tirẹ̀ sí i. Wáyà kan láti inú gìtá wọ ojú ihò instrument lára interface ti tó. Ohun tí synth kì í ní ni bí nóòtì kọ̀ọ̀kan kì í ṣe jọ èkejì gẹ́lẹ́. Ohun tí gìtá kì í sì í ní ni ìsàlẹ̀ tó dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àgídìgbó ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ju bí a ti ń ṣe lọ. Nínú àpàlà, òun ló ń di ìsàlẹ̀ orin mú, pẹ̀lú àwọn ahọ́n irin lórí àpótí onígi tí a gbé lé ẹsẹ̀. Kíkan irin àti ìdáhùn àpótí rẹ̀ kún fún harmonics, ohun tí sine kò ní rárá. Bí ẹ bá relé ọdún, kí ẹ rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ẹ gbé máíìkì sún mọ́ ihò àpótí rẹ̀, kí ẹ gba nóòtì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láìsí fáànù àti láìsí ariwo. Nígbà tí ẹ bá padà dé Abuja, ẹ gé ohun tó wà lábẹ́ 100 Hz kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi sine láti inú 3x Osc tí ó ń tẹ̀lé nóòtì kan náà sí abẹ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ á mọ́, òkè á jẹ́ ti wa, fóònù á sì gbé e.

Ibi tí owó á kọ́kọ́ lọ

Bí owó bá tó ohun kan ṣoṣo, kí ó lọ sórí hẹ́dífóònù, kí ẹ sì fi Dexed, Surge XT àti Vital ṣe ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá kù díẹ̀, ẹ fi RAM kún laptop kí ó dé 8 GB kí ẹ tó ronú plugin olówó. LMMS kì í gba owó. FL Studio ń jẹ́ kí ènìyàn dán an wò láìsanwó, ó sì ń fi iṣẹ́ pamọ́, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ tún ṣí iṣẹ́ tí ẹ fi pamọ́ nígbà ìdánwò títí ẹ ó fi rà á, nítorí náà ẹ sọ ohun gbogbo di fáìlì ohùn kí ẹ tó tì í. Ẹni tó bá rà á, títí ayé ni yóò máa gba ẹ̀dà tuntun rẹ̀ láìfi owó kún un, ìyẹn sì jẹ́ ìdí tó lágbára fún ẹni tó jẹ́ pé naira ni owó tó ń wọlé fún un.

Bí ẹ bá lọ ra hẹ́dífóònù tàbí sípíkà tí wọ́n ti lò rí, ní Banex Plaza ní Wuse 2 tàbí níbòmíràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà fi orin tirẹ̀ dán an wò fún yín, nítorí orin tó mú ọjà rẹ̀ dùn ló máa yàn. Ẹ ṣe fáìlì kan sórí fóònù yín láti ilé, kí ó jẹ́ sine tó ń rọra lọ láti 30 Hz dé 200 Hz, láìsí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ ní ohùn àárín, kì í ṣe ohùn tó ga. Ẹ fiyè sí ibi tí ohùn ti kọ́kọ́ dé etí yín, sí ibi tó bá ti ń ha tàbí tó ń gbọ̀n bí páànù, àti sí ibi tí etí òsì àti ọ̀tún kò ti dọ́gba. Bí ó bá ń ha ní nǹkan bí 60 Hz, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, iye yòówù kó pè é.